Òǹkà Ìjókòó Ni, Kì í Ṣe Òǹkà Ọpọlọ

Lọ́dọọdún, ní àkókò tí àgbàdo tuntun ń jáde, ni èsì ìdánwò máa ń jáde pẹ̀lú. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Pọ́bẹ̀, ní Àjàṣẹ́ àti ní Atakpamé, ilé kan á máa jó, ilé kejì á pa lọ́lọ́. Ohun tó ya ilé méjèèjì sọ́tọ̀ lè má ju máàkì kan ṣoṣo lọ. Ọmọ tó ní máàkì náà ni gbogbo àdúgbò yóò máa kí ní ọlọ́gbọ́n. Èyí tí kò ní i, olódo ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ á ní òun ti fi owó ṣòfò, ìyá rẹ̀ á máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fà á, ọmọ fúnra rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé òun kò lè di onímọ̀ ẹ̀rọ láéláé. Àwa kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. A fẹ́ sọ ìdí tí a kò fi gbà, láìfepo-bọyọ̀.

Ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbèdéke máàkì, ìyẹn iye máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní kí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lè ṣílẹ̀kùn fún un, èyí tí àwọn tó ń ka Faransé láàárín wa mọ̀ sí *seuil d'admission*. Ọ̀rọ̀ wa lórí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: òǹkà ìjókòó ni gbèdéke máàkì. Bí ìjókòó bá pọ̀, yóò wálẹ̀. Bí ìjókòó bá wọ́n, yóò gòkè. Ọpọlọ ọmọ sì wà níbi tó wà. Ẹni tó bá ń fi í ṣe ìdájọ́ lórí ọmọ ènìyàn ń ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n sí ohun tí a ti wọ̀n.

Nọ́ńbà tí kò dúró sójú kan

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Nàìjíríà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹbí wa wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ariwo nọ́ńbà yìí ti pọ̀ jù lọ. Ní ọdún 1978 ni ìjọba ibẹ̀ dá àjọ JAMB sílẹ̀ láti máa ṣètò ìwọlé sí yunifásítì. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ìdánwò rẹ̀, máàkì 400 lápapọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ yóò ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì. Ní 2017, àjọ náà àti àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́ gíga fi 120 ṣe gbèdéke tó kéré jù lọ fún yunifásítì. Ariwo sọ káàkiri. Ní 2018, ó di 140. Ní 2019, ó di 160. Ní 2021, wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mú èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní 2022, ó padà sí 140. Ní 2025, ó di 150.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dáhùn: ṣé ọpọlọ àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ogún máàkì gbòòrò láàárín 2017 sí 2018, tó sì tún fi ogún sọ̀ kalẹ̀ láàárín 2019 sí 2022? Kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Inú yàrá ìpàdé ni nọ́ńbà náà ti ń jáde. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n wo iye ọmọ tó ń kanlẹ̀kùn, wọ́n wo àyè tó wà nílẹ̀, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan. Kò sí àbùkù nínú kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá ju ẹní lọ, ẹnì kan yóò dúró. Àbùkù ibẹ̀ ni pé a ń yíjú sí ẹni tó dúró, a sì ń sọ fún un pé kò ní ìdí tí yóò fi jókòó.

Gbèdéke gbogbogbòò yẹn gan-an kò sì tíì mú ẹnikẹ́ni dé kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀rọ. Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀ a máa béèrè 200 kí ọmọ tó lè forúkọ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò tiwọn, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ a sì gbé tirẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, ìlànà tó wà fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀ pín àyè sí mẹ́ta: 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ láti ibikíbi, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ náà ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ méjì lè ní máàkì kan náà, kí wọ́n béèrè fún iṣẹ́ kan náà ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà, kí ọ̀kan wọlé, kí èkejì má wọlé, nítorí ìpínlẹ̀ tí bàbá wọn ti wá. A kò sọ pé ètò yìí burú. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn tó ṣe é mọ̀ dájú pé àyè ni àwọn ń pín. Àwa tí a wà níta nìkan la rò pé ọpọlọ ni wọ́n ń wọ̀n.

Ní 2025, nínú èsì 1,955,069 tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde, 1,534,654 ló wà lábẹ́ 200. Kíá ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ọ̀dọ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé fóònù ti gba ọpọlọ wọn. Kò pẹ́ tí àjọ náà fúnra rẹ̀ fi jáde sọ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti wà ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, àti pé ọ̀rọ̀ náà kan akẹ́kọ̀ọ́ 379,997. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, olórí àjọ náà, tọrọ àforíjì ní gbangba pẹ̀lú omijé lójú, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò ṣe. A yìn ín pé kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, kí òtítọ́ tó jáde, àìmọye ọmọ ti gbé orúkọ olódo rù nítorí ẹ̀bi ẹ̀rọ. Ta ni yóò bá wọn gba orúkọ wọn padà lẹ́nu àdúgbò?

Ohun tí Íńdíà kò fi pamọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó wo Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe òǹkà ìjókòó yìí ní gbangba. Ìdánwò ìwọlé wọn fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní JEE, wà lára èyí tó le jù lọ láyé. Ìpele méjì ló ní: JEE Main ni ti àkọ́kọ́, JEE Advanced sì ni ilẹ̀kùn sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ IIT, tí wọ́n jẹ́ 23. Ní 2024, àwọn tó ṣe JEE Main lé ní 1,400,000. Ìjókòó tó wà ní gbogbo IIT lọ́dún náà jẹ́ 17,740.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣe gbèdéke níbẹ̀ kì í sọ iye ìbéèrè tí ọmọ gbà. Iye ènìyàn tí ọmọ náà fi sẹ́yìn nínú ọgọ́rùn-ún ló ń sọ. Wọ́n ti pinnu ṣáájú pé nǹkan bí 250,000 ni yóò kọjá sí ìpele kejì. Wọ́n á kà láti òkè wá sílẹ̀. Ibi tí òǹkà náà bá parí sí ni gbèdéke. Fún àwọn tí kò sí nínú ìpín kankan, gbèdéke náà jẹ́ 87.90 ní 2021. Ó di 90.78 ní 2023, ó di 93.24 ní 2024, ó sì jẹ́ 93.10 ní 2025. Kí ló gbé e ga? Àwọn tó ń ṣe ìdánwò ń pọ̀ sí i, iye tí wọ́n fẹ́ mú sì dúró sójú kan. Ọmọ tó wà ní 91 ní 2023 kọjá. Ọmọ tó wà ní 91 ní 2024 padà sílé.

Òfin ibẹ̀ tún pín ìjókòó fún àwọn ẹ̀yà àti ẹgbẹ́ tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún tẹ̀ mọ́lẹ̀: 15 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí wọ́n ń pè ní Scheduled Castes, 7.5 fún Scheduled Tribes, 27 fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó ti rẹ̀yìn. Láti 2019, 10 wà fún àwọn tálákà tí kò sí nínú àwọn ìpín wọ̀nyí. Gbèdéke ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ní 2025, ti Scheduled Castes jẹ́ 61.15, ti Scheduled Tribes jẹ́ 47.90. Awuyewuye lórí ètò yìí kò tíì tán ní Íńdíà títí di òní, a kò sì fẹ́ dá sí i láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò ju èyí lọ: orílẹ̀-èdè tó ń fi ìṣirò yangàn gbà ní gbangba pé ènìyàn ló ń gbé gbèdéke kalẹ̀, nítorí ohun tí ó fẹ́ kí ìlú rẹ̀ dà.

Ìyà tó wà níbẹ̀ kò sì kéré. Ní ìlú Kota, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, ilé ẹ̀kọ́ àfikún kún ìgboro. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún á fi ilé sílẹ̀ lọ gbé ibẹ̀ nítorí ìdánwò yìí nìkan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti gba ẹ̀mí ara wọn, àwọn aláṣẹ ìlú náà pàṣẹ pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí dá ìdánwò inú ilé wọn dúró fún oṣù méjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń já sí nìyí nígbà tí a bá gbà kí òǹkà ìjókòó di ìdájọ́ lórí ẹ̀mí. Kí a má ṣe dúró dìgbà tí yóò dé ilé tiwa.

Ilé wa àti ẹ̀yìnkùlé wa

Lọ́dọ̀ tiwa, nọ́ńbà náà fara pamọ́. Ẹni tó bá ní 10 nínú 20 ti gba bac. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sọ pé ó yege. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, bí EPAC ní Abomey-Calavi, UNSTIM ní Abomey tàbí École Polytechnique de Lomé, kì í gba gbogbo ẹni tó ní bac. Yíyàn ni wọ́n ń yàn. Máàkì ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni gbèdéke ọdún náà, kò sì sí bí bàbá ọmọ kan ní abúlé nítòsí Kétu yóò ṣe mọ̀ ọ́n kó tó fi ọmọ rẹ̀ sí ọ̀nà. Nítorí náà, ọmọ tó yege ní oṣù Keje lè di ẹni tó fìdí rẹmi kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú orí rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yìnkùlé, gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnubodè Ìgòlò àti ti Sèmè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tí gbèdéke JAMB dá padà ti ń sọdá wá sí Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni dìde láti gbà wọ́n. Ọ̀pọ̀ lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣiṣẹ́ takuntakun, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí tó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n níbi tí ìjókòó bá ti wọ́n, tí àìrí i sì jẹ́ ìtìjú, ẹni tí yóò máa ta ayédèrú ìjókòó kò ní pẹ́ yọjú. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan láti Nàìjíríà gbé e jáde pé òun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró. Aláìṣẹ̀ bá ẹlẹ́ṣẹ̀ jìyà. Ọmọ tó fi ọdún márùn-ún kẹ́kọ̀ọ́ ń ṣàlàyé ara rẹ̀ bí olè.

Àwọn tó ń sọ pé gbèdéke gíga ló ń dáàbò bo ìlú lọ́wọ́ ayédèrú onímọ̀ ẹ̀rọ, ẹ ronú sí èyí. Ilẹ̀kùn iwájú tí a tì pa láìṣàlàyé ló sọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn di ọjà.

Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ ìbéèrè

A ti sọ pé ìjókòó ni gbèdéke ń kà. A ní láti sọ ẹni tó ń jókòó pẹ̀lú. Nígbà tí ìjókòó bá wọ́n, tí a sì ní láti yàn, kí ni ohun tó ń mú ọmọ kan ṣáájú èkejì? Iṣẹ́ àṣekára wà níbẹ̀, a kò sẹ́. Àmọ́ olùkọ́ wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, iná mànàmáná wà níbẹ̀. Lókè gbogbo wọn, èdè wà níbẹ̀.

Ìbéèrè ìṣirò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wa ń dáhùn, ìbéèrè méjì ni. Èkíní jẹ́ ti ìṣirò. Èkejì, tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, jẹ́ ti Faransé tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá kọsẹ̀ lórí èkejì kò ní dé ọ̀dọ̀ èkíní, máàkì rẹ̀ á sì sọ pé kò mọ ìṣirò. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kékeré kan. Ọmọ Ṣábẹ̀ tó ń ka ọgọ́rin ti mọ̀ láti ilé pé ogún lọ́nà mẹ́rin ni. Ó dé ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kó há *quatre-vingts* sórí. Ohun kan náà gan-an ni: ogún lọ́nà mẹ́rin. Tó bá ka àádọ́rùn-ún, ó ti yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ka márùn-ún-dín-lógún, ó ti yọ márùn-ún kúrò nínú ogún. Ìṣirò wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó so ọgọ́rin mọ́ *quatre-vingts* fún un. Ó fi ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ há ọ̀rọ̀ sórí, nígbà tí ó yẹ kó ti máa fi ohun tó mọ̀ kọ́lé.

Ẹ má ṣe rò pé àlá ni à ń lá. Ní 1970, ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó gbọ́ ọ dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn gba ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n fi àwọn méjèèjì wéra, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù nínú ìṣirò, nínú sáyẹ́ǹsì, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Lẹ́yìn ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, kí la gbọ́? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò, JAMB wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pa pọ̀. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìlànà 2022 kò tíì jáde níbẹ̀ ní 2025. Ọ̀nà tí yóò gbà dé gbọ̀ngán JAMB ṣì jìn. Báwo ni ìlànà náà ṣe wá di ẹlẹ́bi ìdánwò tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì jókòó ṣe?

Íńdíà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù nínú ìṣirò gba ọ̀nà mìíràn. Láti 2021 ni wọ́n ti ń ṣe JEE Main ní èdè mẹ́tàlá. Èdè Assamese wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tó ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí èdè abínibí ní ìgbà ìkànìyàn 2011 kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àwa ọmọ Yorùbá ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. A kò ní sọ àsọdùn: Gẹ̀ẹ́sì àti Hindi nìkan ni JEE Advanced, ọ̀nà wọn kò sì tíì pé. Àmọ́ wọ́n ti gbà pé ọmọ lè fi èdè ìyá rẹ̀ ṣe físíìsì, kí físíìsì náà má sì bàjẹ́. Ní JAMB, Yorùbá wà láàárín iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un lọ́nà ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní Benin, wọ́n ti dán fífi èdè abínibí kọ́ni wò ní ìwọ̀nba ilé ẹ̀kọ́, Yorùbá sì wà nínú àwọn èdè tí wọ́n yàn. Ìwọ̀nba náà la fẹ́ kó di púpọ̀.

Ìdáhùn sí àwọn alátakò

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá ṣe yẹpẹrẹ gbèdéke, afárá yóò wó. A dá wọn lóhùn: kì í ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló ń kọ́ afárá. Ẹni tó jáde ni. Ibi tó yẹ kí a ti gbójú le koko ni yàrá ẹ̀kọ́ láàárín ọdún márùn-ún, àti ìdánwò àṣejáde. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ mọ èyí: ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe lè gba ọ̀nà Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì láìṣe ìdánwò JAMB tí à ń wí, yóò sì jókòó ti àwọn tó ní máàkì gíga nínú kíláàsì kan náà. Ilẹ̀kùn kejì tó jẹ́ òótọ́ nìyẹn, wọ́n kò sì tìtorí rẹ̀ sọ pé afárá yóò wó.

Àwọn kan láàárín wa ń fẹ́ òdì kejì. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kó rẹ gbèdéke sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwa. A kò ní ṣe é. Bí ìjókòó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, tí a rẹ gbèdéke sílẹ̀ kí igba lè wọlé, ọgọ́rùn-ún yóò dúró sí ojú fèrèsé, igba kò sì ní gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Àánú kì í fi àga kún àga. Ohun tí a ń béèrè le ju àánú lọ: ìjókòó sí i, olùkọ́ sí i, ilé ìwádìí tí irinṣẹ́ wà nínú rẹ̀ ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ bó ṣe wà ní Kútọnu.

Ẹgbẹ́ kẹta yóò ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Faransé náà kò ní i nígbà kan. *Algèbre* tí wọ́n ń pè lónìí, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni. *Physique*, ti Gíríìkì ni. Wọ́n yá a, wọ́n lò ó, ó di tiwọn. Àwa náà ní agbára, ìwọ̀n, ìyára, ooru àti ìṣirò. Èyí tí a kò bá ní, a ó yá a. Ní Nàìjíríà, wọ́n ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jáde ní èdè mẹ́sàn-án, Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èdè tí wọ́n fi ń rọ irin ní ilé àgbẹ̀dẹ láti ayé àwọn baba wa kò lè ṣàìgba ọ̀rọ̀ irin.

Ohun tí a ń béèrè

Lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Benin àti Tógò, a ń béèrè ohun méjì tí kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀: kí wọ́n kéde iye ìjókòó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí ọmọ tó forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì kéde máàkì ẹni tó wọlé kẹ́yìn nígbà tí yíyàn bá parí. Kí ìkéde náà dé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama, kó má mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ọmọ tó bá rí i pé ìjókòó ogójì ló wà, tí òun sì ṣe ìkẹtàlélógójì, yóò mọ̀ pé àga mẹ́ta ló ya òun kúrò nínú ilé. Kò ní sọ pé òun kò lọ́pọlọ. Yóò mọ bí yóò ti gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́wọ́ ìjọba, a ń béèrè olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìlú tí kò ní olùkọ́ fún *série C* ti rí gbèdéke tirẹ̀ kí ìdánwò tó dé: òdo ni. A tún ń béèrè pé kí fífi Yorùbá kọ́ ìṣirò ní ọdún àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kúrò ní ìdánwò wò, kó di àṣà.

Lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bèèrè pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wà láàárín ọmọ ẹgbẹ́, àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà. A dábàá pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ya ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìsinmi fún kíláàsì ìṣirò ní èdè méjèèjì, Yorùbá àti Faransé. Kí ìwé ìròyìn yìí sì máa tẹ ojú ìwé kan jáde ní ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ: ọ̀rọ̀ Faransé ní apá kan, ti Yorùbá ní apá kejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ránṣẹ́, kí àwọn àgbà máa tún un ṣe.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí èsì bá jáde, ẹ béèrè iye ìjókòó kí ẹ tó béèrè ohun tó ṣe ọmọ yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wọlé, ẹ kú oríire. Ẹ má ṣe fi àga tí ẹ rí ṣe ìgbéraga sí ẹni tí kò rí àga. Ẹ̀yin tí ẹ kò wọlé, ẹ kà á bó ṣe rí: lọ́dún yìí, àga kò dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ tún ìṣirò yín ṣe, ẹ wá ilẹ̀kùn kejì tó jẹ́ òótọ́, ẹ sá fún ẹni tó ń ta ìwé ẹ̀rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìjà wà nílẹ̀, ó sì tọ́ kí a jà á. Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn aláṣẹ jà á lórí ìjókòó, kí a jáwọ́ nínú bíbá ọmọ wa jà á lórí ọpọlọ.